Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Gbé Dé Gánà

Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí. Ó dára kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tí orí mi fi ń wú nígbà tí mo bá ń sọ ìtàn kékeré yìí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n jáde ní yunifásítì, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa pinnu láti lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Gánà. Mo lọ dágbére fún ìyá tó bí ìyá mi ní agboolé wa ní Ìwó. Wọ́n ń bó ẹ̀pà lọ́wọ́.

"Èdè wo lẹ ó máa bá àwọn ọmọ náà sọ?"

"Òyìnbó ni, Ìyá."

"Ṣé wọ́n á gbọ́?"

"Mi ò mọ̀ o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Bí ẹnu bá kọ̀, kí orúnkún má kọ̀. Kò síbi tí àgbà kò sí. Kúnlẹ̀ kí wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé inú ilé lo ti wá."

Ìrìn náà jìn. Láti Ìwó títí a fi dé bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, mò ń ka ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ náà sí ara mi létí, nítorí mò ń bẹ̀rù pé màá gbàgbé. Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó tì mí, tó jẹ́ apanilẹ́rìn-ín ẹgbẹ́ wa, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Jọ̀ọ́, sinmi. O ti kọ́ èmi fúnra mi títí mo fi bọ́ sí kíláàsì kejì."

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A kọjá Kùtọnù, a gba etí òkun lọ sí Lomé. Ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan, a máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti fẹsẹ̀ rìn kọjá, páálí ìwé lórí wa. Ẹsẹ̀ mi wú. Síbẹ̀, bí mo ṣe rí wa tí a tò lẹ́sẹẹsẹ nínú oòrùn, tí ẹnikẹ́ni kò ráhùn, mo rò ó pé bí a bá tilẹ̀ pa dà láti ibẹ̀, a ti ṣe nǹkan.

Ní ọjọ́ kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n fi mí síwájú kíláàsì kìíní. Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Àwọn ọmọ ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n, títí ẹlòmíràn fi wá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ wa obìnrin tó kó wa lọ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn á wá wò ọ́ lọ́la. Tí kò bá bọ́ sí i, wàá lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ń kun ògiri."

Kíkun ògiri kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀tẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo agboolé ni mo ti sọ fún pé ọmọ ni mò ń lọ kọ́. Ojú wo ni n ó fi wò wọ́n?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi eré bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan, màá ṣe é, àwọn ọmọ á sì ṣe bí mo ti ṣe. Mo dìde, wọ́n dìde. Mo fò, wọ́n fò. Ohùn mi kéré, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Ìgbà náà ni ọ̀gá wọlé, ìyá àgbàlagbà kan tí irun wọn ti funfun.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà!"

Mo gbọ́ gbì lẹ́yìn mi. Gbogbo kíláàsì ti kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà!" ni wọ́n pariwo, wọ́n rò pé ara eré ni.

Mo ní ó parí. Mo ti ń rí búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ara mi. Ọ̀gá bi àwọn ọmọ ní èdè wọn, ó jọ pé ẹni tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè, gbogbo wọn sì nawọ́ sí mi. Ni ìyá náà bá bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn mú.

"Dìde, tíṣà," ni wọ́n wí ní òyìnbó. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ àwọn wọ̀nyí pé kí wọ́n máa kí èèyàn. Àwọn ọkùnrin yín ńkọ́? Báwo ni tiwọn?"

Mo ké sí apanilẹ́rìn-ín wa láti ojú fèrèsé, níbi tó ti ń kun ògiri, pé kó wá kí ọ̀gá. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ọ̀dà lára, àwọn ọmọkùnrin sì bò ó mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn.

"Mo ti bá ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kan pamọ́ tẹ́lẹ̀ o," ó wí láti ilẹ̀.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ohùn mi sì là. Bóyá nítorí pé ohun tí mò ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀, òrùlé kò sì wó lé mi. Mo kọ́ wọn títí agogo fi lù, kíláàsì kìíní sì di tèmi títí a fi kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ìwó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ìyá bi mí. "Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀, Ìyá. Kì í sì í ṣe èmi nìkan."

Láti ìgbà náà, tíṣà ni wọ́n ń pè mí ní agboolé. Mi ò tíì ríṣẹ́, ẹ̀rù ọ̀la ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni mo máa ń dáhùn.