Òkúta Ẹ̀yìn Táyà Sùlè

Ọjọ́ tí mo ní kí Sùlè yọ òkúta kúrò lẹ́yìn táyà bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní gáréèjì Ọ̀kà, ó wojú mi, ó wo ìsàlẹ̀ òkè, ó tún wojú mi.

"Ọ̀gá Jíà," ó ní, "ṣé o jẹun kí o tó kúrò ní Ìkàrẹ́?"

Àwọn awakọ̀ tó dúró rẹ́rìn-ín. N kì í tètè rí ọ̀rọ̀ sọ, pàápàá níbi tí èrò bá pọ̀ sí.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà mọ̀ pé orí òkè ni ìlú náà wà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gáréèjì tí mò ń sọ yìí. Bí ọkọ̀ bá ti dúró níbẹ̀, kí awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, kọ́ńdọ́ á ti ki òkúta bọ ẹ̀yìn táyà. Àwọn bàbá wọn ṣe é nígbà ayé lọ́rì, àwọn náà ń ṣe é. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tó ń sun iṣu jókòó sí, torí ibẹ̀ ni èrò ń gbà kọjá. Ràbí, àbúrò olóògbé ìyàwó mi, wà lára wọn. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì Sùlè gan-an ni ààrò rẹ̀ wà. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí kò ní fi iṣu sísun ránṣẹ́ sí mi ní Ìkàrẹ́.

Iṣẹ́ jíà ọkọ̀ ni mo ń ṣe. N kò tètè lọ sílé ìwé. Mo ti mọ jíà í tú, mo ti mọ̀ ọ́n tò, kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà, kí n lè máa ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀yà ọkọ̀. Ọmọ Ṣúpárè ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Má tètè tú ọkọ̀ olọ́kọ̀. Kọ́kọ́ jókòó, kí o wo bí wọ́n ṣe ń lò ó."

Oníbàárà mi kan tó ń gbé òkè òkun ló wálé wá ṣọdún Iléyá. Ó rí bọ́ọ̀sì kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Bàbá, irú èyí ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ń pè padà lọ́dọ̀ wa."

"Pè padà báwo? Ṣé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó rà á ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, àléébù ló wà lára jíà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí gbogbo ẹni tó ní i gbé e wá, kí àwọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kó má baà pa èèyàn. Ó fi í hàn mí lórí fóònù. Mo kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣàlàyé èyí tí kò yé mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ. Bí ọkọ̀ ọtomátíìkì bá fẹ́ gúnlẹ̀, awakọ̀ á ti ọ̀pá jíà sí páàkì. Ọ̀pá á fa wáyà, wáyà á fa irin kékeré kan tó dà bí eyín nínú jíà, eyín náà ni kò ní jẹ́ kí táyà yí mọ́. Rọ́bà kan tí kò ju bọ́tìnnì lọ ló di ẹnu wáyà mú. Ooru ẹ́ńjìnì ló ń jẹ rọ́bà náà. Bó bá ti jẹ ẹ́, wáyà á dẹ̀. Á ṣì máa dé ibi tí àwọn jíà yòókù wà, ṣùgbọ́n páàkì ló jìnnà jù, kò ní lè dé ibẹ̀. Awakọ̀ á ti ọ̀pá sí páàkì, kò ní fa bíréèkì ọwọ́, á yọ kọ́kọ́rọ́, á bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ò dúró.

Tòkunbọ̀ ni irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kò mọ̀ pé wọ́n wà ní Àkókó. Ta ni yóò pè wọ́n padà? Ní Ọ̀kà, Sùlè ló kọ́kọ́ ra tirẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Bí òun kò bá gbà, kò sẹ́ni tó máa gbà.

Mo lọ bá a ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Mo ní kó jẹ́ kí n wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ ọjà Ìkàrẹ́? Nọ́ọ̀sì tí kò rí aláìsàn ló ń gbé abẹ́rẹ́ kiri."

"Jíà rẹ lè má di ọkọ̀ mú, Sùlè."

"Òkúta mi ń dì í mú. Kò tíì já mi kulẹ̀ rí."

Mo kúrò níwájú rẹ̀, mo lọ jókòó ti Ràbí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ bá wọn fà?"

"Bọ́ọ̀sì yẹn lè yí wá sórí rẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí iṣu. "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò tiẹ̀ fi nǹkan rọ ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó sọ ọ́."

Mo ní kó sún kúrò níbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni ìyá àwọn jókòó sí títí tó fi kú, ibo ni òun fẹ́ lọ? Ó fún mi níṣu, mo ń jẹ, mo ń wo àwọn ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbéra. Mo rántí ọ̀gá mi.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé kọ́ńdọ́ kàn ń fẹsẹ̀ gbá òkúta wọn ni, á sì yí gbirigbiri lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti Sùlè kún, Lásún, kọ́ńdọ́ rẹ̀, kò gbá nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lu ara ọkọ̀ gbà, Sùlè tẹná, ọkọ̀ sún sókè díẹ̀, kí Lásún tó rí òkúta fà yọ. Méjì nínú àwọn bọ́ọ̀sì tó jọ tirẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Mo dúró títí Sùlè fi padà láti Ìkàrẹ́.

"Sùlè, bí ẹ bá fẹ́ gbéra, báwo lẹ ṣe ń yọ òkúta yín?"

"Màá tẹná díẹ̀, Lásún á fà á yọ. Ṣé ìyẹn náà fẹ́ mẹkáníìkì?"

"Nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

Ó yíjú sí Lásún. Lásún ló fèsì. "Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbá a nígbà yẹn, Bàbá. Ó máa ń yí lọ fúnra rẹ̀."

"Ìgbà wo ló dẹ́kun?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mo ní, "Bí jíà bá di ọkọ̀ mú, òkúta kò ní ẹrù kankan tó ń gbé. Bó bá há, òun ló ń gbé ọkọ̀. Ẹ yọ ọ́, ká wò ó."

Ìgbà náà ni Sùlè bi mí bóyá mo jẹun. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín bí àwọn tó kù ṣe rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kó yanrìn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń kọ́. Mo ní kó gbé ọkọ̀ òfìfo lọ síbẹ̀, kó kọ ẹ̀yìn sí yanrìn náà. Mo ní kí àwọn obìnrin kúrò nísàlẹ̀, wọ́n ń kùn pé iṣu àwọn á jóná. Ràbí ló kọ́kọ́ dìde, ni wọ́n bá tẹ̀ lé e. Lásún ki òkúta bọ ẹ̀yìn táyà, Sùlè ti ọ̀pá sí páàkì, ó pa ẹ́ńjìnì, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé.

"Kọ́kọ́rọ́ rèé o! Lásún, yọ ọ́!"

Lásún fi irin ta òkúta náà kí ó tó jáde. Ọkọ̀ dúró. Àwọn èèyàn hó. Sùlè rẹ́rìn-ín títí ara ọkọ̀ fi ń mì, ó ní, "Ọ̀gá Jíà, wá gba iṣu rẹ kí o máa lọ sílé."

Kò tíì pa ẹnu dé tí bọ́ọ̀sì náà fi mí kanlẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò sáré. Ó rọra fẹ̀yìn lọ, ó ki ìdí bọ yanrìn, ó dúró. Ọwọ́ Sùlè ṣì wà lójú fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ náà.



Sùlè sọ̀ kalẹ̀. Kò wo ọkọ̀. Ó wo ibi tó máa ń gúnlẹ̀ sí, ó wo ààrò Ràbí nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ràbí, látìgbà wo ni mo ti ń páàkì sórí rẹ?"

"Látìgbà tí ẹ ti ń jẹ iṣu mi, tí ẹ ń ní kò jinná."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó sórí yanrìn. Nígbà tó yá, ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi. Nígbà tí mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, rọ́bà náà ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.

Sùlè fúnra rẹ̀ ló wá di ilé-iṣẹ́ tó ń pe ọkọ̀ padà. Ó bẹ lémọ́ọ̀mù, wọ́n kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bọ́ọ̀sì ń ti Ṣúpárè wá gba rọ́bà tuntun lọ́dọ̀ mi, ó ń ti Afìn wá. Bàbá àgbẹ̀ kan gun ọ̀kadà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní wọ́n ní kí gbogbo jíà wá. Mo bá a wo jíà rẹ̀. Kò ní nǹkan kan.

Ẹlòmíràn ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Ẹ̀yìn mi kò gba bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣì ń lo òkúta ní Ọ̀kà, mi ò sì ní kí wọ́n má lò ó. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra níbẹ̀, kọ́ńdọ́ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ gbá a lójú èrò. Bí kò bá yí, èrò á sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn.

Ràbí kò kúrò níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Èmi ni mo ń lọ bá a lọ́jọ́ Jímọ̀ báyìí, kò fi iṣu ránṣẹ́ mọ́. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra lókè wa, àwa méjèèjì á fetí sílẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ tí òkúta yí, Ràbí á yí iṣu tó wà lórí iná padà, èmi náà á máa jẹ tèmi lọ.