Ìṣákọ́lẹ̀ Tí A Búra Pé A Ò Ní San

Òyìnbó kò tíì gbé ìjọba sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí dé bá wa ní ẹ̀bá Ìjàgbà, lágbègbè Ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń dáko níbẹ̀ lónìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ọmọ Àkókó ni wá. Àwọn bàbá wa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olóyè kan ní Ọ̀wọ̀, wọ́n gbin kòkó sí i, wọ́n sì ń gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún un lọ́dọọdún. Ìgbà tí kòkó gbówó lórí, olóyè ní iṣu nìkan kò tó mọ́, àfi kí a fi àpò kòkó kún un. Inú bí wa. A búra pé kò ní rí kòkó, kò sì ní rí iṣu. Ló bá pè wá sí kóòtù ìbílẹ̀ kí wọ́n lé wa kúrò.

Àsìkò náà ni Adéwùmí dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti di lọ́yà, ṣùgbọ́n ó tún ń ka ìwé sí i, ó ń ṣe ìwádìí lórí òfin ilẹ̀ wa láti fi gba oyè tó ga jù nínú ìmọ̀ òfin. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ń jókòó sí káàkiri, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa lóko. Olóyè yìí kan náà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń rán an níwèé.

Mo ní, “Bùrọ̀dá lọ́yà, ẹ bá wa rojọ́.”

“Wọn kì í jẹ́ kí lọ́yà rojọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Ẹ gbé iṣu lọ fún un.”

Ariwo sọ. Ìyá Bọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa, fò dìde: “Ẹ ò rí i! Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ló rán an!” Àwọn ọ̀dọ́ ti dí ọ̀nà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

Adéwùmí kò sá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ẹ gbọ́ ná, kí ẹ tó ṣá mi. Gbogbo àgbà tí mo bi léèrè ló sọ ọ́: ẹni tó bá kọ ìṣákọ́lẹ̀, ó ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tòun ti kòkó orí rẹ̀. Ẹ lè kọ àpò kòkó. Iṣu, ẹ ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ìbúra yín yẹn gan-an ni olóyè ń dúró dè.”

Bàbá Ọlá, olórí wa, sún mọ́ ọn. “Kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ń lé mi?”

“Ilẹ̀ lẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún, bàbá. Kì í ṣe ènìyàn.”

Bàbá mí kanlẹ̀. “Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ lọ wa iṣu.”

A ru iṣu wọ Ọ̀wọ̀ lọ́sàn-án gangan. Àwọn ará ìlú ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: “Àwọn akọni rèé o! Ẹ̀rù ti bà wọ́n!” Olóyè tilẹ̀kùn mọ́ra. “Mi ò gbà á! Ẹ rù ú padà!” A kó o jọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ojú gbogbo àdúgbò ló ṣe.

Ní kóòtù, olóyè ní a kọ ìṣákọ́lẹ̀. Adájọ́ wò ó. “Kò sí ẹni tí a kì í bi léèrè níbí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Iṣu ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà yín?” Wọ́n fi wá sílẹ̀ lórí oko, wọ́n sì wọ́gi lé àpò kòkó. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti olóyè.

Ṣùgbọ́n olóyè mọ ẹnu tí ìmọ̀ràn náà ti jáde, kò sì san owó ìwé Adéwùmí mọ́. Adéwùmí kò padà sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Kò gba oyè òfin náà títí ó fi kú. Mo bi í nígbà kan bóyá ó kábàámọ̀.

“Mo kábàámọ̀,” ló wí. “Má purọ́ fún àwọn ọmọ pé mi ò kábàámọ̀.”

Mi ò purọ́ fún yín. Owó kòkó tí a tà lọ́dún yẹn tó láti rán an padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò sẹ́ni tó dá a lábàá nínú wa.