Àwọn Awakọ̀ Tí Ń Jẹ Ẹ̀wà

Agẹrun ni Euloge ní Pobè. Yàrá iwájú ilé wọn, létí ọ̀nà tó lọ sí Sakété, ló fi ṣe ìsọ̀. Àga kan wà níbẹ̀, dígí kan, tábìlì kan, àti àga gbọọrọ fún àwọn tó ń dúró.

Euloge lórúkọ tí wọ́n ń pè é ní ìsọ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé, Ìdòwú ni, nítorí lẹ́yìn ìbejì ni wọ́n bí i. Ìbejì náà, Táyé àti Kẹ́hìndé, kò pẹ́ láyé. Òun kò bá wọn láyé. Ère wọn ló mọ̀, igi méjì tó dúró lórí pẹpẹ. Ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn ní ẹ̀wà, títí ikán fi gun pẹpẹ náà. Ikán kì í béèrè ta ni. Ó jẹ Táyé tán, ó jẹ Kẹ́hìndé dé àyà.

"Wá ẹni tó máa gbẹ́ òmíràn fún mi," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mo ti gbọ́, Ìyá. Tó bá di ọ̀la."

Ọ̀la náà ti ń gbó. Ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn ń nu pẹpẹ tó ṣófo láràárọ̀.

Ohun tí Euloge fúnra rẹ̀ fẹ́ láyé kò pọ̀. Ó fẹ́ kí irun máa hù lórí àwọn èèyàn. Ó sì fẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan.

Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Onigbolo, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹnjiníà òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ní ọmọkùnrin kan, Éric. Lọ́jọ́ kan Éric ṣí páálí kan sórí tábìlì. Ọkọ̀ òfuurufú ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di ọkọ̀. Ìyẹ́, ìrù, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ so mọ́ ọ̀pá rọ́bà bí èso tó so mọ́ ẹ̀ka. Éric ń já wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi kóòlù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Euloge na ọwọ́. Éric rọra gbé ọwọ́ náà kúrò, ó sì fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí kóòlù kó lè gbẹ.

Euloge fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Nígbà tí ọkọ̀ náà parí, awakọ̀ méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, gíláàsì bò wọ́n lórí. Kò tíì rí ohun tó pé tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí àwọn òyìnbó náà kó ẹrù wọn, ọkọ̀ náà bá wọn lọ, tòun ti atẹ́gùn Euloge nínú.

Ọjà Sakété ló ti tún rí i, nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Arlette, tó ń ta àlòkù láti ilẹ̀ òyìnbó, tò ó sáàárín áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná mọ́ àti ọmọláńgidi tí kò lápá. Páálí kan náà ni. Àwòrán kan náà ni: ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè lójú ọ̀run tó mọ́, ọkùnrin méjì nínú rẹ̀ tí wọn kò rẹ́rìn-ín.

Arlette dá owó lé e. Euloge ti ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní ná an ni?"

"Rárá."

"Ṣé ara yín yá?"

"Ó yá."

Kò dá Arlette lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló dín owó náà kù. Ó ní òun kì í jẹ owó aláìsàn.

Bí ìsọ̀ náà ṣe di ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn. Abẹ tó fi ń fá orí ló fi ń gé rọ́bà. Ẹ̀mú tó fi ń yọ irun tó hù sínú ara ló fi ń mú ohun kéékèèké. Kóòlù nìkan ló rán èèyàn rà ní Cotonou. Kóòlù burúkú ni: bí wọ́n bá ti ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nìyẹn, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn oníbàárà fara dà á. Zacharie, tó ń wa ọkọ̀ ńlá, jókòó sórí àga ní ọjọ́ kan, apá ọ̀tún orí rẹ̀ ti dán, apá òsì wà bó ṣe gbé e wá láti ilé.

"Euloge, apá kejì ńkọ́?"

"Ó ń gbẹ."

"Orí mi ló ń gbẹ?"

"Ìyẹ́ yìí ni."

Atẹ́gùn ojú ọ̀nà wọlé, ó gbé irun Zacharie nílẹ̀, ó fi lẹ̀ mọ́ kóòlù. Ìyẹ́ òsì hu irun. Euloge gbìyànjú láti fá a, kò ṣeé fá. Zacharie ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé apá kan ara òun wà nínú ọkọ̀ náà, tó bá ṣẹlẹ̀ pé ó já.

Ìwé inú páálí kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Awakọ̀ ni kí èèyàn kọ́kọ́ fi sórí àga wọn, lẹ́yìn náà kó pa ìdajì ara ọkọ̀ méjèèjì dé mọ́ ara wọn. Bó bá ti pa á dé, ihò tó kù lókè kéré, èjìká awakọ̀ kò lè gba ibẹ̀ wọlé mọ́.

Euloge gé awakọ̀ méjèèjì kúrò lára ọ̀pá rọ́bà. Ó tẹ́ aṣọ funfun tó fi ń nu ọrùn oníbàárà sórí tábìlì, ó gbé wọn sórí rẹ̀, ó sì jáde lọ fọ ọwọ́.

Nígbà tó padà dé, ìyá rẹ̀ dúró ti tábìlì. Awakọ̀ méjèèjì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ìdòwú."

"Ìyá."

"O ò sọ fún mi pé wọ́n ti dé."

Euloge wò wọ́n. Méjì ni wọ́n. Ojú kan náà, apá kan náà. Wọn kò gùn tó ìka. Ó wá yé e.

"Ìyá, àwọn yẹn..."

"Wọ́n jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àwọn ti àkọ́kọ́, ìdúró ni wọ́n wà. Èyí dára. Wọ́n ti dàgbà, ó yẹ kí wọ́n jókòó."

"Ìyá..."

"O ṣeun. Mo ti ń rò pé o ti gbàgbé."

Ẹni tó bá gba ọpẹ́ ohun tí kò ṣe, ẹnu rẹ̀ a wúwo. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ funfun náà wé wọn, ó sì gbé wọn wọlé.

Pauline, ìyàwó Euloge, gbọ́, ó fi ìdáná sílẹ̀ wá wò wọ́n. Ìjọ aláṣọ funfun ni Pauline ń lọ, ó sì fura sí ohunkóhun tó bá ń gbé orí pẹpẹ.

"Ìyá, sójà nìyí. Mo rí akoto lórí wọn."

"Fìlà ni."

"Èyí tó bò wọ́n lójú ńkọ́?"

"Awò ojú ni. Bàbá wọn náà kò ríran dáadáa."

"Wọn ò jọ bàbá wọn, Ìyá. Òyìnbó ni wọ́n."

"Ibi tí wọ́n ti wà ni wọ́n ti pọ́n. Lọ gbé ẹ̀wà kaná, ìyàwó."

Pauline ní ìjọ òun kò gbà á. Ó ro ó títí dé ìdáná, ó rí i pé kò sí ìjọ tó ka ẹ̀wà léèwọ̀, ó sì gbé e kaná. Ní ọ̀sán, àwọn ọmọ àdúgbò ti gbé abọ́ dé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí ìbejì, wọ́n jẹ ẹ̀wà, wọ́n béèrè ọjọ́ tí wọ́n tún máa wá.

Ní ìsọ̀, ìdajì ọkọ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀. Kóòlù ń gbẹ.

"Pa á dé bẹ́ẹ̀," ni Zacharie wí. Ó wá fá apá òsì.

"Láìsí awakọ̀?"

Zacharie rò ó. "Ó tì. Mo rí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ rí, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní Towé. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti tọ̀ ni. Ó dá lọ. Inú oko ẹ̀gẹ́ la ti bá a. Wá nǹkan fi sí i."

Euloge bá gé sálúbàtà rọ́bà àtijọ́ kan, ó gbẹ́ awakọ̀ méjì jáde lára rẹ̀. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Zacharie gbé wọn síwájú dígí, ó wò wọ́n níwájú, ó wò wọ́n lẹ́yìn.

"Iṣu ni wọ́n jọ."

"Mo mọ̀."

"Iṣu tó ní ẹ̀fọ́rí."

Èrò tó wá sí Euloge lọ́kàn nìyí: ojú ìyá òun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí òun bá gbé iṣu méjì yìí sórí pẹpẹ, tí òun sì mú àwọn tó wà níbẹ̀, ta ló máa mọ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ sùn. Euloge bọ́ bàtà, ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀mú. Wọ́n ti wẹ àwọn ìbejì. Wọ́n ti ró aṣọ kan náà fún wọn. Ẹyọ ẹ̀wà kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tó orí wọn. Ó fi ẹ̀mú gbá ẹni àkọ́kọ́ mú ní àyà.

"Ìdòwú."

Kò mira.

"Èṣù lẹ́yìn ìbejì," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò tíì la ojú. "Kí lo ń wá lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ó lè purọ́. Ó ní iṣu méjì lọ́wọ́ òsì, kò mọ irọ́ tó bá wọn mu.

"Iṣẹ́ ni mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, Ìyá. Mo ní ọkọ̀ kan. Kò ní awakọ̀."

Ìyá rẹ̀ la ojú. "Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń bẹ ẹ̀gbọ́n níṣẹ́? Gbé e sílẹ̀. Dọ̀bálẹ̀."

Euloge dọ̀bálẹ̀. Ó na gbalaja, àyà kanlẹ̀, irùngbọ̀n funfun kanlẹ̀, níwájú ẹ̀gbọ́n méjì tí wọn kò gùn tó ìka. Pauline gbé omi kọjá.

"Bàbá Aurèle, kí ló sọnù?"

"Mo ń kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi."

Pauline kọjá lọ. Ó ní òun á gbàdúrà sí i.

Ìyá rẹ̀ gbé àwọn ìbejì sétí. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Wọ́n ní kí àwọn rí ọkọ̀ náà."

Euloge gbé e wá. Ìyá rẹ̀ fi ìka tọ ọ́, láti imú dé ìrù. Ó dúró sórí ìyẹ́ òsì.

"Ó hu irun."

"Ti Zacharie ni."

"Ó ní bíréèkì?"

"Kò ní, Ìyá."

"Níbo ló ń lọ?"

"Kò lọ síbì kankan. Orí tábìlì ló máa ń wà."

"Ó dájú?"

"Ó dájú."

"Ó dára," ni ìyá rẹ̀ wí. "N kò fẹ́ kí wọ́n tún lọ."

Ẹyẹlé kan ń rìn lórí páànù.

"Táyé ló máa jókòó níwájú," ni ìyá náà wí. "Òun ló máa ń lọ wo ọ̀nà. Kẹ́hìndé á wà lẹ́yìn. Òun lẹ̀gbọ́n, òun ló ń rán an."

"Èwo ni Táyé, Ìyá?"

Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó kọ́ ọmọ tí ọmọ kò gbọ́n. Ó tọ́ka sí ọ̀kan. Euloge kò rí ìyàtọ̀ kankan.

"Gíláàsì orí wọn, má lẹ̀ ẹ́ pa. Ibẹ̀ ni ẹ̀wà á gbà wọlé."

"Mo gbọ́."

"Ọkọ̀ náà á sì máa gbé ọ̀dọ̀ mi. Ilé àwọn ọmọ mi ni."

Ọkọ̀ tó ti fẹ́ láti kékeré. Ó ti wá àyè fún un lábẹ́ dígí ní ìsọ̀, ó ti nu ibẹ̀. Bó bá gbà, á máa kan ilẹ̀kùn kó tó lè wò ó. Bí kò bá gbà, iṣu méjì ni á máa wà á. Ó wo àga kéékèèké méjì inú rẹ̀, tó ṣófo.

"Mo gbà, Ìyá."

Ó lọ mú kóòlù. Ó tẹ̀ ẹ́, kò jáde. Ó ká a látìdí, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́, èyí tó kù yọ jáde, ó kàn tó. Ó fi sórí àga méjèèjì, ó fi yí etí ọkọ̀ ká. Ó gbé ẹ̀mú.

Ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. "Àbúrò kì í gbé ẹ̀gbọ́n."

Òun fúnra rẹ̀ gbé wọn sórí àga. Ìró wọn kò jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa, ó tú u, ó ká a sábẹ́ wọn bí ìrọ̀rí. Táyé jókòó gan-an. Kẹ́hìndé dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ìta bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá náà gbé ìdajì ọkọ̀ kejì, ó pa á dé, ó dì í mú ṣinṣin láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

Ó ti di ọkọ̀. Irun wà lára rẹ̀, awakọ̀ kan wọ́, ṣùgbọ́n ó pé. Euloge na ọwọ́.

"Mú ọwọ́ kúrò," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kò tíì gbẹ."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Euloge kúnlẹ̀. Ó ti mọ iṣẹ́ náà. Ó fa èémí, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fẹ́.

"Rọra," ni ìyá rẹ̀ wí. "Òtútù á mú wọn."