Fóònù Tó Sáré Ju Agbára Rẹ̀ Lọ

Òórùn amọ̀ tútù, ti àmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi kún, ló máa ń gbé mi padà sí pálọ̀ bàbá mi ní Ungwan Shanu nílẹ̀ Hausa, lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ sí Lọ́kọ́ja. Ẹsẹ̀ bàbá mi ṣẹ́ nígbà náà, wọn kò lè rìnrìn àjò, àwọn ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọmọ náà lórúkọ. Mo ní kí wọ́n kàn sọ ọ́ lórí fóònù.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," wọ́n dá mi lóhùn. "Èmi á wo ilé, màá wo ojú ọmọ pẹ̀lú. Bí n ò bá rí i, n ò ní orúkọ lẹ́nu."

Fóònù mi nìkan ló lè gbé ìpè fídíò nínú ilé wa, ọ̀lẹ paraku sì ni. Ohùn á dé, àwòrán á dúró gbagidi. Mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Hausa tó ń tún fóònù ṣe ní ọjà Kasuwan Barci. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́, ọpọlọ fóònù náà ni kò yára tó, pé òun lè mú un sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Bátìrì á tètè máa tán, á máa gbóná, ó sì lè kú pátápátá.

"Wallahi, zai yi zafi sosai," ó fi Hausa kìlọ̀ pé yóò gbóná gan-an. "E fit die o!"

Mo ní kó ṣe é. Ha, ẹ bá rí i! Kí n tó gbé ìka kúrò lára àwòrán, ó ti ṣí. Mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú kẹ̀kẹ́ bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú. Ká tó délé, ó ti gbóná débi tí mo ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná, ló bá kú fúnra rẹ̀. Ó jí padà, ṣùgbọ́n àyà mi já. Tó bá dán irú èyí wò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ńkọ́?

Lọ́jọ́ náà, ojú ọmọ yọ kedere, ó ń yán. Bàbá mi pariwo ayọ̀. Kò pẹ́ tí ooru náà tún bẹ̀rẹ̀. Kò sóhun tó tutù tó àmù nínú ilé wa, mo bá sáré wé fóònù sínú ọ̀rá, mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ara àmù.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀ níbí!"

Wọ́n wọ́ àga wọn dé ibẹ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fóònù. Wọ́n ti ìka bọ omi. "Omi ò lọ́tàá. Ìwọ náà ò ní lọ́tàá." Wọ́n wá ń wo ojú ọmọ, wọ́n ń wò ó, ara mi ò gbà á mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára!"

"Mojísọ́lá!" wọ́n ké.

Fóònù ṣókùnkùn lójú ẹsẹ̀. A wo ara wa, a ò mọ̀ bóyá orúkọ náà dé Lọ́kọ́ja. Àfi ìgbà tí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, tó wà lápò bàbá mi, bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, a gbọ́ ọ! Mojísọ́lá!" Mo fò sókè, díẹ̀ ló kù kí n fọ́ àmù.

Fóònù yẹn kò jí mọ́. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí fóònù tó fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ká ní tèmi ń rọra ṣe bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bóyá ì bá ṣì wà lónìí, bàbá mi kì bá sì rí ojú ọmọ náà lọ́jọ́ tó yẹ. Inú mi ṣì ń dùn pé mo jẹ́ kó sáré.

Ọmọ náà wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa láìpẹ́ yìí. Wọ́n ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ṣí ìdérí àmù, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó sì fi gbogbo agbára ké orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀.

Láti orí àga wọn, bàbá mi dáhùn: "A gbọ́ ọ!"