Àga Ọ̀rẹ́ Mi Nínú Ìgbìmọ̀ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà l'Ọ̀yọ́ nígbà tí rédíò sọ pé ìjọba ti yan ọ̀rẹ́ mi sínú ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí yóò gbà wọ́n nímọ̀ràn bóyá kí wọ́n fòfin de oògùn kan tó ń pa koríko lóko. Inú mi bàjẹ́. Èmi àti ẹ̀ la jọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn oko, èmi ni mo sì máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún un. Mo pè é, mo ní, "O kú oríire o." Ẹnu lásán ni.

Nígbà tí mo lọ kí i l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ó mú mi wọ yàrá àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun kan wà níbẹ̀, irú èyí tí mo ti ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wa fún títí ẹnu mi fi fẹ́ bó.

"Ta ló ra èyí fún ẹ?"

"Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn yẹn ni."

"Ṣé ìjọba mọ̀?"

"Wọn ò bi mí." Kò wojú mi.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù, ìlara ni kò jẹ́. Ohun tí mo ń rò ni pé kí ló dé tí ilé iṣẹ́ náà ò fi wá sọ́dọ̀ mi.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ lọ gbọ́ tẹnu àwọn àgbẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé, mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá àgbẹ̀ kan tí oògùn náà ti bó àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ má bínú o. Ṣé kò sẹ́ni tó ń jẹun ilé iṣẹ́ yìí nínú yín?"

Ọ̀rẹ́ mi dìde. "Bàbá, mo jẹ níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ra ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Kò yẹ kí n dá sí ọ̀rọ̀ yìí." Alága fà á láṣọ pé kó jókòó, ó já ara rẹ̀ gbà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Àwọn àgbẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, mà," títí ó fi wọ mọ́tò.

Èmi ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fi pè mí: "Mà, a gbọ́ pé ẹ nílò ẹ̀rọ." Kí n má purọ́, ìtọ́ dà lẹ́nu mi. Mo ní kó má pè mí mọ́. A gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n fòfin de oògùn náà, wọ́n sì gbọ́.

Nígbà tí a padà lọ sọ fún àwọn àgbẹ̀, mo múra bí ẹni tí wọn yóò gbé gẹ̀gẹ̀. Wọ́n kí wa dáadáa. Lẹ́yìn náà ni bàbá yẹn sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ bá wa kí mà tó sọ òótọ́ níjọ́sí."

"Mo ti gbọ́, bàbá," ni mo wí. N kò tíì jíṣẹ́ náà títí di òní.