Ìyàwó Tí Kò Ní Ìjì

Ní agbo ilé Àkàndé ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ìjì kì í jà kó lọ bẹ́ẹ̀ láìní orúkọ. Bí ẹ̀fúùfù bá ti ọ̀nà ọ̀sà dé, tó ṣí páánù, tó gbé nǹkan onínǹkan lọ, orúkọ ọmọ ilé tó fojú rí màbo jù lọ ni wọ́n á fi pè é. Òun náà ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n bí Ihsan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé, wọn ò ní dárúkọ ọdún kankan fún yín. Wọ́n á ní, "Ìjì Ṣéhù ti kọjá, ti Morẹ́nikẹ́ ò tíì jà."

Ìjì Ṣéhù! Ẹ̀rín á pa yín. Bàbá Ṣéhù tó jẹ́ olórí ẹbí lónìí ṣì jẹ́ géńdé nígbà náà. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀fúùfù ṣí páánù balùwẹ̀ kúrò lórí ẹ̀, ó di ọ̀nà Lafiaji. Ọ̀gbẹ́ni fa táwẹ̀lì mọ́dìí, ọṣẹ ń ta á lójú, ó gbá tẹ̀lé páánù. "Páánù tuntun ni kẹ̀," ohun tó ń sọ títí dòní nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ti Morẹ́nikẹ́ ńkọ́? Ìyẹn já gèlè lórí ọmọge níṣojú àwọn àna tó wá tọrọ ẹ̀, ó lọ fi kọ́ wáyà iná. Gèlè náà wà lókè níbẹ̀ títí Morẹ́nikẹ́ fi bímọ kejì.

Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, gbogbo ilé á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á bu gúgúrú àti ẹ̀pà, olúkúlùkù á sì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ìtàn ìjì tirẹ̀. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ bá a sọ ọ́.

Ohun tó ń dun Hàwáwù nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ìyàwó Àyìndé, kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ Àyìndé. Fìlà ló ń rán, Adéníji Adélé ló ti ń tà á. Ẹnu ẹ̀ dùn débi pé ẹni tó wá ra fìlà kan á jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀, á sì ra mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti lanu nídìí ìtàn ìjì, Àdìjátù àbúrò ọkọ ẹ̀ á ní, "Ìyàwó, bá wa bu ẹ̀pà sí i. Ọmọ ilé ló ń ní ìjì, ìyàwó kì í ní in." Hàwáwù á dìde, á bu ẹ̀pà. Ó ti bímọ níbẹ̀, ó ti sin ọkọ níbẹ̀, ọmọ-ọmọ ẹ̀ ti ń lọ yunifásítì, síbẹ̀ ìyàwó náà ni! Obìnrin yìí ò béèrè ilé ní Lẹ́kí, kò béèrè mọ́tò. Ìjì kan péré tí wọ́n á fi orúkọ ẹ̀ pè ló ń fẹ́ kó tó kú.

Nígbà kan, ó tilẹ̀ bẹ Ṣàíbù káfíńtà pé kó bá òun yọ ìṣó díẹ̀ lára páánù yàrá òun. Ṣàíbù wò ó títí. "Màmá, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi le koko. Yọ ọ́."

Ṣàíbù ò yọ ọ́. Ńṣe ló tún kan mìíràn kún un.

Lọ́dún yìí ni Ọlọ́run wá dá a lóhùn. Ó rán fìlà fún àwọn ọmọ ilé kéú tó fẹ́ ṣe wólímà. Ó ti rẹ wọ́n sí sítáàṣì, ó dé wọn lé orí ìgò, ó tò wọ́n sórí ògiri kúkúrú ní ẹ̀yìnkùlé kí oòrùn lè mú wọn dúró ṣánṣán. Ojú ọ̀run ṣú. Ó rí i o! Àmọ́ bí èèyàn bá ká fìlà kí sítáàṣì tó gbẹ, àkísà ló kó wọlé yẹn. Ó ní kí òun fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.

Ẹ̀fúùfù wo ló ń dúró de ẹnikẹ́ni? Kó tó ṣẹ́jú, ìgò ti ń fọ́ wómúwómú, fìlà ti ń fò. Ọ̀kan kọ́ ìwo àgbò. Ọ̀kan lọ dé ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí lórí. Ọ̀kan wọ ṣọ́ọ̀bù Dáfídì tó ń gẹrun, ó bọ́ sórí oníbàárà tó gẹrun dé ìdajì.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Fìlà àwọn ọmọ kéú!"

Gbogbo agbo ilé tú jáde sínú òjò, tọmọdé tàgbà, ọ̀pọ̀ ò ráyè wọ bàtà. Àdìjátù tí orúnkún ń dùn tún ìró sán, ó lé fìlà tó kù títí dé ẹnu títì. Ìyá fò sókè, ó hán an, ó sì bọ́ sínú gọ́tà gbàmù! Ọwọ́ tó fi di fìlà mú nìkan ló wà lókè. "Mo ti mú un! Mo ti mú un!" Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè fà á jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo fìlà ti pé. Bàbá Ṣéhù ní, "Kí la ó máa pe ìjì yìí?"

Àwọn ọmọ pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìjì Àdìjátù!"

Ó dun Hàwáwù wọra. Kò sì rí ẹ̀bi wọn. Ọmọ ilé ni Àdìjátù, òun náà ò tíì ní ìjì, ta ló sì fojú rí màbo ju ẹni tó mu omi gọ́tà lọ? Ó rọra dìde, kó má baà sunkún lójú èèyàn.

"Jókòó," ni Àdìjátù wí, ó ṣì ń fi róòbù ra orúnkún. "Èmi ni mo ṣubú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fìlà ta ni mò ń lé? Nígbà tó ní ká gba òun, ta ló jókòó sílé nínú wa? Ẹni tí gbogbo ilé torí ẹ̀ sáré sínú òjò, ṣé ẹ ṣì fẹ́ sọ fún mi pé àlejò ni? Bùọ̀dá, òun ló ni ìjì. Ìjì Hàwáwù ni."

Bàbá Ṣéhù mirí. "Ìjì Hàwáwù ni." Ni gbogbo ilé bá hó yèè.

Ó wá yá kó sọ ọ́. Ẹ wo obìnrin ẹlẹ́nu dídùn! Omijé ló kọ́kọ́ bọ́. Ó nu ojú, ó tún gèlè wé, ó wẹ̀yìn wò, ó ní:

"Ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ tí Àdìjátù já sí gọ́tà..."

Háà! Ìyàwó ń pe ọmọ ọkọ lórúkọ! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, Eyínfúnjowó ló ń pe Àdìjátù, kò dárúkọ ẹ̀ rí. Gbogbo ojú yí sí ọmọ ọkọ náà. Àdìjátù lanu, ó pa á dé, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó sún fún Hàwáwù lórí bẹ́ǹṣì.

"Máa sọ ọ́ lọ," ó ní. "Má sì fo ibi gọ́tà yẹn o."