Ìlà Mẹ́rin Tí Ó Pè Ní Ìdọ̀tí

Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa ní Onikan máa ń kùn bí mo bá ki dísìkì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bá ti lọ sílé, ìkùn yẹn nìkan ni mo máa ń gbọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mò ń wí. Kò sí ẹni tó ń retí mi. Àwọn àbúrò mi ti lọ sí òkè òkun, ilé bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó sì ti ṣófo, àfi èmi lókè àti Ìyá Aláṣọ, ayálégbé wa tó ń tajà ní Jankara, nísàlẹ̀.

Ohun tí mò ń ṣe ni ètò tí yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè kọ Yorùbá bó ṣe yẹ. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà kò mọ lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́. Bírò la fi máa ń kan àmì sí i lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó sì máa ń tì mí lójú. Mo ya àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé. Nígbà tó parí, mo pinnu pé n kò ní tà á. Mo ti kà nínú ìwé ìròyìn àwọn oníkọ̀ǹpútà pé àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè ń fi iṣẹ́ wọn tọrẹ, tí wọ́n á sì kọ orúkọ wọn àti àṣẹ ìlò sí orí fáìlì. Èmi náà kọ ìlà mẹ́rin: orúkọ mi, ọdún tí mo ṣe é, pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó dà á kọ, kó sì tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yọ àwọn ìlà yìí kúrò. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, nítorí mo rò pé ẹni tó bá lè kà á kò ní rẹ́ mi jẹ. Mo kàwé nígbà náà ju bí mo ṣe gbọ́n lọ.

Akẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà, tí mo fi ọdún díẹ̀ jù, ni mo kọ́kọ́ fún ní ẹ̀dà. Kò pẹ́ tó fi gba iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ńlá kan ní Ìkòyí. Ọjọ́ tí mo lọ kí i níbẹ̀, ẹ̀dà tó ń pín fún àwọn èèyàn ló ṣí sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Ìlà mẹ́rin mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé òun ló ni gbogbo ẹ̀tọ́.

“Kí lo fi orúkọ mi ṣe?” ni mo bi í.

“Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ fi ṣí i kò tíì ní ètò yẹn, gbogbo ẹ̀ kàn rí wúruwùru. Mo ṣe bí ìdọ̀tí ni. Mo gbá a dànù.”

Òótọ́ ni pé níbi tí ètò mi kò bá sí, àwọn lẹ́tà náà máa ń di igun àpótí àti àmì tí kò nítumọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n gbà á gbọ́. Mo ní kó yí fáìlì náà wálẹ̀. Àwọn àlàyé tí mo fi Yorùbá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe, pé síbẹ̀. Kò fọwọ́ kan ọ̀kankan.

“Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé ìgbálẹ̀ rẹ kò dé ibí ni?”

Ó wo fèrèsé. “Àǹtí, ọ̀fẹ́ ṣáà lẹ ní ó jẹ́.”

“Ọ̀fẹ́ ni. Dá orúkọ mi padà.”

Ó ní òun yóò dá a padà. Kò dá a padà. Ẹ̀dà tirẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ló dé ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo fi ẹ̀dà tèmi han àwọn kan, wọ́n ní ta ni kò lè kọ orúkọ rẹ̀ sórí fáìlì?

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Aláṣọ, nítorí n kò ní ẹlòmíì tí mo lè sọ fún.

“Ẹ ò tà á?” ó bi mí.

“N kò tà á.”

“Ẹni tó gbé e lọ náà ò tà á?”

“Kò tà á.”

“Ẹ̀yin alákọ̀wé. Ẹ̀ ń jà sí ọjà tí kò sẹ́ni tó ń tà á.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó wá ní kí n wá jẹun. N kò jẹ ẹ́.

Kí àwọn ọdún 1990 náà tó parí, akẹgbẹ́ mi kú. Mo lọ sí ìsìn ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn. Wọ́n kà á jáde pé òun ló kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, ìjọ sì mi orí. Mo ṣí ìwé ìsìn tí wọ́n pín fún wa. Ìlà kékeré ni mo fà sábẹ́ àwọn lẹ́tà mi, kì í ṣe àmì rogodo, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ìwé orin bàbá mi àgbà. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà tí mo yà ni wọ́n fi kọ ọ́ pé òun ló yà wọ́n.

Mo ti darúgbó báyìí. Kọ̀ǹpútà òde òní mọ àmì wa láìsí ètò mi, n kò sì bínú sí ìyẹn. N kò kábàámọ̀ pé mo fi tọrẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo yọ̀ǹda. Ìlà mẹ́rin péré ni mo ní kí wọ́n bá mi fi sílẹ̀. Bí àlejò bá yà, tí mo sì sọ fún un pé èmi ni mo ṣe é, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá,” yóò sì gbóhùn sókè díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá arúgbó lóhùn tí wọn kò gbà gbọ́.